Ilẹ̀ Dídán Gbọ̀ngàn Ìdágbére

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tú ajẹ̀dọ̀tí sílẹ̀ nínú ìgò, bàtà ẹni tó dá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Ọ̀mọ̀wé Gbádébọ̀ dúró láàárín yàrá ìwádìí rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò pé ẹ̀dá tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n, pé ọ̀rá àti ìdọ̀tí nìkan ni oúnjẹ wọn. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, bàtà aláwọ tó fi ọ̀rá pa láàárọ̀ ti ku ìtẹ́lẹ̀ nìkan. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dán yinrinyinrin, ó ní, “Ẹ ò rí i? Ibi tí oúnjẹ bá ti pọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù.”

Fadérera wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ilẹ̀ fífọ̀ àti ilẹ̀ dídán ló ń ṣe ní Òkè-Òṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, lábẹ́ òrùlé dígí tó bo ilé àti oko mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Eruku òṣùpá mú bí àfọ́kù ìgò, ẹni tó bá sì fi ìgbálẹ̀ gbá a lásán, ńṣe ló ń ha ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa á mu kí omi tó kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá fi adánlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí bí ọlọ, dán an. Ajẹ̀dọ̀tí fẹ́ gba apá tó pọ̀ jù nínú làálàá yìí lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóladé, ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ Arìnjìnnà, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ìyá Oyèníran, àlejò ń bọ̀ láti Ayé wá ṣí ọ̀nà ọkọ̀ tuntun wa,” ló wí. “Mo fẹ́ kí ilẹ̀ Gbọ̀ngàn Ìdágbére dán débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ á rí eyín ara rẹ̀.”

“Àwọn ojú ẹsẹ̀ ńkọ́, sà?”

“Àwọn àbàwọ́n yẹn gan-an ni mo ń sọ, mà.”

Nínú gbọ̀ngàn yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí ayé tó jìnnà ti ń dágbére, ìrìn náà sì gùn débi pé ọ̀pọ̀ wọn kì í padà bá ìyá wọn láàyè. Kí ọmọ tó wọ ọkọ̀, wọn á bọ́ bàtà rẹ̀, wọn á fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á ní kó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Òkúta òṣùpá a máa mu ọ̀rá. Ojú ẹsẹ̀ á kù síbẹ̀ ní dúdú, pẹ̀lú ìka márààrún. Èèwọ̀ ni kí ìyá pa ẹsẹ̀ ọmọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èèwọ̀ ni kó wò ó pàápàá, kí omijé má baà kán sí i. Ògiri ni ìyá ń kọjú sí. Ìyá Àgbà Ọlátóún, olórí àwọn obìnrin ìlú, ló ń pa ẹsẹ̀ fún gbogbo wọn.

Oyèníran, ọmọ kan ṣoṣo tí Fadérera bí, tẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ tó gbé e lọ ti dákẹ́ láti ọdún gbọọrọ, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Fadérera kò ní sàréè tó lè fọwọ́ kàn, ojú ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló ní. Bí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, á lọ bọ́ bàtà níbẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sínú ti ọmọ náà. Ti ọmọ tóbi ju tirẹ̀ lọ dáadáa. “Ẹlẹ́sẹ̀ ọkọ̀-ojú-omi” ló máa ń pè é nígbà tó wà nílé.

“Màá gba iṣẹ́ náà, sà,” ló wí, “ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kò ní kúrò níbẹ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóladé họrí. “Bí ẹ bá lè dán ilẹ̀ kí ẹ sì dá ẹsẹ̀ sí, ẹ ṣe é. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá pe àwọn tó ń fi irin lọ òkúta.”

Bí wọ́n bá lọ òkúta náà, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ ẹnikẹ́ni tó máa kù. Fadérera pe Ọ̀mọ̀wé àti Ìyá Àgbà jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí wọ́n lè fikùn lukùn. Ìpàdé náà kò tíì gbóná tó fi dàrú.

“O fẹ́ da ẹ̀dá tó jẹ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ sórí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa?” Ìyá Àgbà ló bi Ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà o.”

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ má gbé àkísà yín sún mọ́ àwọn ẹ̀dá mi o, wọ́n á jẹ ẹ́.”

Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣe irú àwàdà yẹn ló bá ṣe é. Ìyá Àgbà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Fadérera sáré tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ forí jì í. A ti rí ọ̀nà tí a máa gbà tí ẹsẹ̀ kankan kò fi ní parẹ́.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, mà.”

“Ó dáa. Ojú tìẹ ni mo wò, mi ò wo ti onígò yẹn.” Ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì dúró gbọ́ irú ọ̀nà tó jẹ́. Fadérera náà kò rò pé ó yẹ kóun sọ ọ́.

Ọ̀nà ọ̀hún rọrùn. Wọ́n á sọ òrí di èèwọ̀ fún ajẹ̀dọ̀tí. Fadérera gbé òrí ilé rẹ̀ wá, Ọ̀mọ̀wé po oró pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ń fi í bọ́ wọn láti ìran dé ìran, títí ìyókù tó yè fi ń sá fún òórùn òrí. Wọ́n fi òrí tẹ ojú ẹsẹ̀ sórí òkúta kan, wọ́n tú wọn lé e. Gbogbo òkúta dán, ojú ẹsẹ̀ kò yingin. Fadérera sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí iṣẹ́ yá, ó fa eruku gbọ̀ngàn náà mu fúnra rẹ̀, igun dé igun, kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀mọ̀wé tú ajẹ̀dọ̀tí sílẹ̀. Ìfófòó funfun tí wọ́n máa ń yọ bí wọ́n bá ń jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lórí òkúta. Ó dé ojú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó dúró, ó pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dé èkejì, bákan náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà wọlé. Ó wo ìfófòó tó ń yà fún ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, ojú rẹ̀ rọ̀.

“Iṣẹ́ ńlá rèé o, Ìyá Oyè. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?”

“Òórùn òrí ni, Màmá. Wọn kì í jẹ òrí mọ́.”

Ìyá Àgbà yíjú sí òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. “Òrí nìkan?”

“Kí ló tún kù, mà?”

“Dá wọn dúró! Fadérera, dá wọn dúró!”

Omi iyọ̀ gbígbóná ló ń pa ajẹ̀dọ̀tí. Fadérera gbé garawa kan lára èyí tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ síbẹ̀, ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ òpó, Ọ̀mọ̀wé ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ìfófòó ti bo ibẹ̀, ó sì nípọn ju ti ibòmíràn lọ. Ó da omi náà lé e, ó fi ọwọ́ gbá ìfófòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi náà bó o lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀ dídán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí gìgísẹ̀, kò sí ìka kankan.

Ìyá Àgbà, tó tó bí i lọ́mọ, kúnlẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Lọ́dún tí Oyè lọ, ọkọ̀ ọjà kò dé láti Ayé. Òrí tán ní gbogbo ìlú nígbà tó ku Oyè nìkan. Àdí tí mo fi ń pa orúnkún mi ni mo fi pa ẹsẹ̀ ẹ̀. O ti kọjú sógiri, ò ń sunkún, mi ò fẹ́ dá kún un. Mo ní ṣebí ọ̀rá náà ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á máa run ẹ̀kùrọ́ láàárín ìràwọ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, pé wàá dààmú.”

“Ó rẹ́rìn-ín?” Fadérera béèrè.

“Ó rẹ́rìn-ín, ọmọ mi.”

Fadérera di apá àgbàlagbà náà mú, ó gbé e dìde. “Ẹ dìde, Màmá. Ẹ má fi èyí kún un fún mi.” Ọ̀mọ̀wé dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò òfìfo lọ́wọ́. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ gbogbo ìlú ni Fadérera dá sí, ti ọmọ tirẹ̀ nìkan ló lọ.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, àwọn ìyá tò sórí ilẹ̀ dídán náà, oníkálukú gbé ẹsẹ̀ sínú ojú ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀. Fadérera bọ́ bàtà, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó tún padà sẹ́yìn. Kò mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóladé kó àwọn àlejò rẹ̀ dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó rí eyín ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

“Ìyá Oyèníran, gbogbo ilẹ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti ibí yìí. Ibí yìí ló dán jù. Kí lẹ fi síbẹ̀?”

Fadérera wo ilẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló ń wò ó padà.

“Ọmọ mi ni, sà,” ló wí. “Ọmọ mi ni mo fi síbẹ̀.”