Àwo Kẹta Ìyá Ẹkún

Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé, ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà sọ fún ọmọbìnrin náà ni pé kó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀.

Kò kí i, kò sì ní kó jókòó. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta dé yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ni. Òógùn ṣì wà lójú rẹ̀, ìwé tó kọ orin sí ṣì wà lábíyá rẹ̀, ni ẹnì kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó kọ ẹ̀yìn sí i, bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ẹ̀gbà yẹn. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn."

Ó bọ́ ọ. Mẹ́rin ni. Ó kó wọn lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ bá a jà, ìyẹn sì rọra kó wọn sápò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì pa fáànù. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni wọ́n fi bo gbogbo ara ògiri yàrá náà, ooru ibẹ̀ sì kọjá kèrémí, ṣùgbọ́n fáànù ò gbọdọ̀ fẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gba ohùn, torí ohun gbogbo ni máìkì ń gbọ́.

Elétí ni àwọn olórin ń pe ọkùnrin yìí. Kò sí ariwo tó lè sá pamọ́ fún un. Bí èèyàn bá jẹ bísíkíìtì kó tó wọlé wá kọrin, Elétí á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló há sí i léyín.

Orin tí ọmọbìnrin náà ń kọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní híp-họ́ọ̀pù sóòlù. Ìlù rẹ̀ wúwo bíi ti àwọn tó ń sọ ráàpù, ṣùgbọ́n ohùn tó wà lórí ìlù náà ń fà, ó ń rọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìlù á máa gbá ọ láyà, ohùn á sì máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún.

Ìgbà mọ́kànlá ni Elétí ní kó kọ orin àkọ́kọ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá, ohùn rẹ̀ ya láàárín méjì, torí òótọ́ ni ohun tó ń kọ lórin. Ọkùnrin kan ti fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, láìsọ ìdí. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun á tún un kọ. Elétí wò ó láti ìdí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ má tún un kọ mọ́," ó ní. "Ibi tó ti ya yẹn gan-an ni orin yín wà."

Báyìí ni àwo orin rẹ̀ kìíní ṣe jáde, ẹkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe irun, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú takisí, àwọn tí ọkọ wọn ò tíì ṣẹ̀ wọ́n rí pàápàá ń fi sunkún de ọjọ́ iwájú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọmọbìnrin náà ní Ìyá Ẹkún. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwo kejì jáde, ẹkún inú rẹ̀ tún wá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tà jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ó di mánijà rẹ̀. Ìyá wọn, aránṣọ tó fi máṣíìnì kan ṣoṣo tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà, gbé àwo méjèèjì kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àwọn àrà aṣọ.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé láàárín àwo kìíní àti èkejì, nǹkan míì ti bẹ̀rẹ̀ lókè àtẹ̀gùn yẹn. Ta ló mọ ọjọ́ náà gan-an? Elétí kọ́kọ́ ń gbé omi tútù sílẹ̀ dè é. Lẹ́yìn náà, "ẹ" di "o." Lẹ́yìn náà, ó ń mọ bí inú ọmọbìnrin náà ṣe rí láti ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn, á sì ti mọ̀ bóyá kí òun dákẹ́ tàbí kí òun pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wá rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín nílé nígbà tí òun nìkan wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Elétí ń ká wáyà mọ́ ọwọ́, ó tẹjú mọ́ wáyà náà, ó ní, "Ìfẹ́ mi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí wáyà?"

"Ìwọ ni. Wáyà ti gbà tipẹ́tipẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì sọ ọ́ jáde. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé inú ìbànújẹ́ ni ohùn òun ń gbé, pé ọjọ́ tí òun bá rí ayọ̀, orin parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n òun ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará rédíò ń fi ṣe àwàdà. Òun fẹ́ fi ayọ̀ kọ àwo kẹta. "Tí àwọn èèyàn bá gbà á, olólùfẹ́ mi, ọjọ́ náà ni màá dá ọ lóhùn. Tí wọn ò bá gbà á, mi ò mọ ẹni tí màá jẹ́ mọ́."

Elétí ní kò burú. Orin mẹ́wàá ni wọ́n gbà sílẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni Elétí fi jókòó tì wọ́n, tó ń tò wọ́n, tó ń tún wọn tò.

Ìgbà tó parí, wọ́n gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá. Orin náà mọ́ tónítóní, kò sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n kò mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọ̀kan lọ sí ilé rédíò kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ wò. Àwọn olùgbọ́ pè wọlé, wọ́n ní ó dáa, wọ́n wá béèrè bóyá àbúrò Ìyá Ẹkún ló kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n pe àbúrò rẹ̀ jókòó. Kò gbé ohùn sókè, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

"Mi ò bá Elétí jà. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, o ò kọrin mọ́, àbúrò mi, ò ń kàwé ni. Gbogbo wa la rí i. Àfi kó o mú ọ̀kan: orin ni, àbí òun."

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti gbà fún un. Ọjọ́ kejì, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá Elétí, ó sọ fún un pé ó jọ pé ayọ̀ ló ń pa ohùn òun. Ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Kò bẹ̀bẹ̀, kò bínú. Ó kàn ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń pa ohùn ẹ, màá kúrò lọ́nà fún un." Ọ̀rọ̀ yẹn bà á nínú jẹ́ ju kó bá a jà lọ. Ó padà sílé ìyá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí àwọn aṣọ tí wọn ò tíì rán.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ oníbàárà kan. Ó ní kí ọmọ òun fi orin tuntun yẹn sí i kí òun tún un gbọ́, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jẹ́ kí òun ráyè ronú lọ́jọ́sí. Ó gbọ́ ọ̀kan. Ó gbọ́ èkejì dé ìdajì, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Níbo lo ti ń mí?"

"Màámi, kí lẹ wí?"

"Mo ní níbo lo ti ń mí nínú orin yìí? Nínú àwo kìíní, mo máa ń gbọ́ ọ tó o bá ń fa èémí kó o tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń dúró dè é ni. Èyí, o kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, o ò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lọ aṣọ báyìí, á máa dán ni, á sì ti kú. Ta ló lọ ohùn ọmọ mi?"

Ọmọbìnrin náà dìde jókòó. Ó fi etí sí i, òun náà sì gbọ́ ọ. Kò sí èémí. Ibi tó rántí pé ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu òun láàárín orin, ẹ̀rín náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá bọ́ téèpù ìwọ̀n tó fi kọ́ ọrùn, wọ́n sì jọ lọ bá Elétí. Àtẹ̀gùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró, tó ń bú ẹni tó kọ́ ilé náà. Elétí ti ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó dé òkè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ọmọbìnrin náà ò jẹ́ kó dìde tán tó fi béèrè ibi tí èémí òun wà.

Elétí tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Mo yọ ọ́ ni," ó ní. "Gbogbo rẹ̀. Níbi tí ohùn ẹ ti ya, mo lẹ̀ ẹ́. Níbi tó ti yẹ̀ díẹ̀, mo fà á padà. Mo gé ẹ̀rín kúrò."

"Kí ló dé? Ìwọ lo sọ fún mi pé ibi tó bá ti ya ni orin wà."

"Oníbàárà lo jẹ́ sí mi nígbà yẹn. Tí wọ́n bá bú orin, iṣẹ́ ni wọ́n bú. Àmọ́ èyí, ìwọ ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lágbàáyé rí àbùkù kan lára ẹ. Mo ṣe é títí mi ò fi mọ ohun tí mò ń gbọ́ mọ́."

Inú bí ọmọbìnrin náà. Ó ní odindi ọjọ́ mẹ́ta lòun fi gbà pé ayọ̀ ti gba ohùn lọ́wọ́ òun, pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e lọ, Elétí náà sì jókòó níbẹ̀, ó gbà láti lọ. Elétí gba gbogbo rẹ̀.

Ìyá ti wá ìjókòó fún ara rẹ̀. "Ẹ máa jà lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tí ẹ ò tíì lọ̀ sí i kí n máa gbọ́."

Elétí kì í ju ohùn tó kọ́kọ́ gbà nù. Ó wá a jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Èémí kọ́kọ́ wọlé, gígùn, bíi ti ẹni tó fẹ́ bẹ́ sódò. Ohùn tẹ̀lé e, ó ya díẹ̀, ó ga, ẹ̀rín bọ́ sí i láàárín, ìlù sì gbé gbogbo rẹ̀ dìde. Ẹsẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò bí ẹni ń wa máṣíìnì. Kó tó dé ìparí, obìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó wà nínú orin.

"Ọmọ mi nìyí," ó ní. Ó kọjú sí Elétí. "Ìwọ, inú rere lo fi bà á jẹ́. Tún un ṣe."

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn. "Kí n béèrè ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ. Ta lo fẹ́ fẹ́ gan-an? Èyí tó o tún ṣe nínú kọ̀ǹpútà ni, àbí èmi?"

"Èyí tó ń mí," ni Elétí wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, ó jáde sí bákónì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wọlé, ó ní kí wọ́n tún un fi sí i. Ó wá na ọwọ́ sí Elétí. Ó ní òótọ́ ni pé ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi tí òun kà sí i lọ́rùn.

Àwo kẹta jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, kò sí òpópónà tí wọn ò ti ń fi í. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pápá ìṣeré tí wọ́n gbà láti kọrin níbẹ̀ kún dé ẹnu géètì. Àwọn obìnrin mú aṣọ ìnujú wá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ti gbára dì fún ẹkún. Orin kìíní wọlé, wọ́n ń dúró kí ìbànújẹ́ dé. Ẹ̀rín yẹn bọ́ lẹ́nu Ìyá Ẹkún, àfi bí gbogbo pápá ṣe bú sẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di orin kẹta, gbogbo aṣọ ìnujú ti wà lókè, wọ́n ń fì í, wọ́n ń jó. Ìyá wà níwájú, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ pé òun lòun bí i.

Lẹ́yìn orin kẹfà, Ìyá Ẹkún ní kí Elétí gòkè wá. Elétí wà láàárín èrò, nídìí ẹ̀rọ tó ń darí ohùn. Ó mi orí. Kò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Nítorí náà olórin fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èrò là fún un, máìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe kọjá níwájú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni máìkì ké fìììì, gbogbo èèyàn di etí, Elétí sì yára pa á.

Nítorí náà, kò sí máìkì mọ́. Ẹgbẹ̀rún èèyàn na ọrùn, wọ́n dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Ó fi ẹnu rẹ̀ sí etí ọkùnrin náà, ó sọ gbólóhùn kan.

"Kí ló sọ?" ni ìyá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

"Ó ti gbà, Màámi."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ wò ó bó ṣe ń sunkún."

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo èrò tó wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn, Elétí nìkan ló ń sunkún, ó ń sun ún kíkankíkan, ejìká rẹ̀ ń mì. Ìyàwó rẹ̀ lọ́la gba aṣọ ìnujú lọ́wọ́ obìnrin kan tó wà nítòsí, ó nu ojú rẹ̀ fún un, ó sì ní kó tètè gbé ohùn òun sókè padà, torí orin mẹ́rin ló kù.