Díìsìkì Tí Agbẹ̀bí Kọ̀ Láti Tì

Oòrùn kò tíì mú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà nígbà tí Agbẹ̀bí ń to àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sí i, ó kó téèpù tí wọ́n fi ń wọn ikùn sí i àti páálí ìbọ̀wọ́ kan. Ó wá ti kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ bọ àárín wọn, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Obìnrin mẹ́rin ló fẹ́ bẹ̀ wò nílé wọn lọ́jọ́ náà, ohun tó bá sì bá lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló máa ń kọ ọ́ sí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ni àbúrò yìí ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Dókítà Ẹ̀rọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ń gbé nǹkan yẹn jáde láìtì í?”

“Ta ló ní mi ò tì í? Páásíwọ́ọ̀dù wà lórí ẹ̀. Ìwọ alára ò lè ṣí i.”

“Èmi kẹ̀? Skúrù mẹ́wàá ni màá tú. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni páásíwọ́ọ̀dù yẹn ń ṣọ́, ilé ọ̀hún ò sì ní ògiri ẹ̀yìn. Tí mo bá yọ díìsìkì rẹ̀, tí mo kì í bọ ẹ̀rọ mìíràn, gbogbo ohun tí ẹ kọ pátá ni màá kà, kò ní bi mí ní orúkọ.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ní àbúrò olè.”

“Àmín o. Ṣùgbọ́n àbúrò ẹnì kan ni olè náà níbi tó wà.”

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ẹ̀rín náà sì tán. “O fẹ́ kí n ṣe bí ọkọ mi ti ṣe.”

Dókítà Ẹ̀rọ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kọjá.

Tíṣà ni ọkọ Agbẹ̀bí, ẹni pẹ̀lẹ́ tó máa ń ṣe nǹkan létòlétò. Ó ti fi àdììtú bo gbogbo díìsìkì kọ̀ǹpútà tirẹ̀, débi pé ẹni tí kò bá mọ páásíwọ́ọ̀dù kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìṣùpọ̀ lẹ́tà tí kò nítumọ̀ lọ. Orí rẹ̀ ló fi páásíwọ́ọ̀dù náà sí, kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níwájú kíláàsì, ó jókòó bí ẹni tó rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Fọ́tò ọdún mọ́kàndínlógún wà nínú ẹ̀rọ náà, ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ níbi tó ti ń kàwé fún ọmọ wọn. Dókítà Ẹ̀rọ gbìyànjú fún oṣù mẹ́ta, ilẹ̀kùn kò ṣí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sìnkú ọkọ mi,” ni Agbẹ̀bí máa ń wí. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé wọn ò ní ti ẹ̀rọ òun bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó rò pé òun ń ṣe àgídí sí ikú ni. Kò rò pé ẹ̀mí àwọn mìíràn ni òun ń fi wewu.

Nílé kẹta, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló mú wọlé, ó fi àpò sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nígbà tó jáde, gíláàsì ti fọ́ sórí ìjókòó wẹ́wẹ́, àpò ò sì sí mọ́.

Nígbà tó délé, Dókítà Ẹ̀rọ kò sọ pé “mo wí fún yín tẹ́lẹ̀”. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: “Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Àwọn obìnrin mi,” ni Agbẹ̀bí dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án, ó ń fọwọ́ nínú yàrá ìgbẹ̀bí nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

“Ẹ káàsán, Mà.” Ohùn ọkùnrin ni, ó tutù bí ohùn ẹni tó fẹ́ tajà. “Àkọsílẹ̀ yín mọ́ gan-an ni. Tíṣà tó kọ́ yín níwèé gbìyànjú.”

“Ta nìyí?”

“Ẹ má da ara yín láàmú. Mo kàn fẹ́ ka nǹkan fún yín ni.” Ó ka àdírẹ́sì kan: nọ́ńbà ilé, àwọ̀ géètì, yàrá kejì lápá òsì. Ó wá ka ìlà kan tí Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ fi lẹ́tà pupa kọ: Ọkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ mọ ibi tó wà.

Agbẹ̀bí mọ obìnrin tó ni àdírẹ́sì náà. Aránṣọ ni obìnrin náà, oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Ó sá fún ọkọ tó dá a lápá nígbà oyún àkọ́kọ́. Àwọn agbẹ̀bí a máa fi pupa kọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá gba iṣẹ́ má baà ṣèèṣì pe ẹni tí kò yẹ kó pè. Nínú ojú ewé tí ó lé ní igba, pupa yẹn ni ojú olè kọ́kọ́ bà lé. Ohun tí wọ́n fi ṣe odi ló di ọwọ́ tó ń júwe ọ̀nà.

“Nọ́ńbà ọkọ náà wà níbí, nínú fáìlì oyún àkọ́kọ́,” ni ohùn náà tún wí. “Ẹ wá nǹkan fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá kí i.”

“Tí mo bá fún ọ lónìí, kí ló máa dá ọ dúró lọ́la?”

“Ẹ gbà mí gbọ́, Mà.”

“Ìwọ tí o fọ́ gíláàsì mi?” Agbẹ̀bí nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. “Gbọ́ mi dáadáa. Mi ò ní fún ọ ní ohunkóhun. Pe ẹni tó bá wù ọ́. Èmi náà lẹ́sẹ̀, màá débẹ̀ kí o tó tẹ nọ́ńbà tán.”

Ó pa fóònù.

Ó kọ́kọ́ wọ yàrá ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ó sì rò ó fún un láìfi ìkan pe méjì. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Rọra ṣe, jọ̀ọ́. Tí èyí bá jáde, ta ló tún máa bá wa sọ̀rọ̀ ara rẹ̀? Jẹ́ ká wò ó ná, bóyá ẹni yẹn kàn ń ṣeré.”

“Ẹ má bínú, Mà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í dúró wò ó bóyá iná ń ṣeré.”

“O mọ̀ pé wọ́n lè dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́?”

“Kí wọ́n dá mi dúró. Èmi ni mo gbé àṣírí wọn sínú ọkọ̀. Mi ò ní fi irọ́ bò ó lórí.”

Ó fi nọ́ńbà olè náà tó àwọn ọlọ́pàá létí lórí fóònù bó ti ń rìn lọ sídìí ọkọ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Aránṣọ, obìnrin náà wà nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ mẹ́ta lẹ́nu, aṣọ ọmọdé kan lábẹ́ ọwọ́.

“Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ṣé òní lẹ ní ẹ máa wá ni?”

“Rárá. Yọ abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́nu, jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ wà.”

Agbẹ̀bí sọ gbogbo rẹ̀, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì dín in kù. Aránṣọ kò sunkún. Ó yọ aṣọ náà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó rọra ká a sí mẹ́rin.

“Nígbà tí ẹ ní kí n fún yín ní àdírẹ́sì, mo ní mi ò fẹ́. Ẹ ní ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ máa ń sùn sí.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó ti wá jí báyìí.”

“Ó ti jí, ẹ̀bi mi sì ni. O lè bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká máa kó ẹrù bí o ti ń bú mi.”

Aránṣọ dìde. “Ẹ di orí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn mú. Tí ẹ bá tún jẹ́ kí ìyẹn bọ́, màá gbàgbé pé àgbà ni yín.”

Dókítà Ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà kó bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ, àpò aṣọ àwọn oníbàárà tí wọn ò tíì wá gbà. Nígbà tí Aránṣọ fẹ́ sọ ibi tó ń lọ fún Dókítà Ẹ̀rọ, Agbẹ̀bí bọ́ sílẹ̀, ó sì rìn dé igun òpópónà kó má baà gbọ́.

Olè náà kò parọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ Aránṣọ fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn yàrá kejì lápá òsì. Òwú tó já àti eruku ìdí ẹ̀rọ ló bá níbẹ̀.

Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni orúkọ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà náà, Agbẹ̀bí sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Àwọn kan dúpẹ́. Mẹ́ta ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Nígbà tí yóò fi parí, lẹ́tà ti dé láti ilé ìwòsàn: kó jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Ó kà á, ó buwọ́ lù ú, ó wá gbé kọ̀ǹpútà tuntun síwájú àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun.

“Ó yá, Dókítà. Èwo ni kí n mú nínú sọ́fíwíà tó ń ti díìsìkì? Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ń polówó, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè já a láyé.”

“Ẹni tó ní ọbẹ̀ òun ò lè bàjẹ́, ẹ bi í bóyá ó ti sè é rí. Ta ló ṣe é? Ṣé àwọn àjèjì tó mọ iṣẹ́ náà ti yẹ inú rẹ̀ wò? Ṣé wọ́n ṣì ń tún un ṣe? Tí wọn ò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì jí gbé, tí wọ́n ń pín kiri lọ́fẹ̀ẹ́, olè ni yóò bá yín gbé wọlé.”

“Èwo ló wá kù?”

“Méjì. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ló ní in, a ò kàn tàn án ni. Ó máa ń bá ẹ̀rọ mu, kì í sì í jẹ́ kó falẹ̀. Tí tiyín ò bá ní in, èkejì wà, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ayé ló lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ẹ ó fara balẹ̀.”

Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni Agbẹ̀bí yàn. Ṣùgbọ́n bí ìka rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó dúró.

“Tí mo bá kú ńkọ́?”

Dókítà Ẹ̀rọ fa àga mọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n mi, títì tí ọkọ yín tì í kọ́ ló pa wá lára. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, ohun tó pa wá lára nìyẹn. Ẹ wò ó, sọ́fíwíà yìí á fún yín ní nọ́ńbà gígùn kan, kọ́kọ́rọ́ àpamọ́ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan á wà nínú àpótí irin yín, ẹ fún mi ní èkejì nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa. Ẹ má yà á ní fọ́tò. Ẹ má fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà yìí kan náà, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ilé tí a tì kò wúlò.”

“Páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Ọjọ́ ìbí ọmọ mi ni mo máa ń lò.”

“Gbogbo ẹni tó jẹ kéèkì ọmọ náà ló mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan, tí ẹ̀yin nìkan á rántí. Ẹ sì kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì yín kọ sórí díìsìkì mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Kí ẹ ti díìsìkì yẹn náà.”

“Ó wá parí? Mo lè máa gbé e kiri?”

“Ó kù kan. Ìgbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ pátápátá ni títì yìí múná jù. Tí ẹ bá kàn dé ìdérí, ó ń tòògbé ni, kò sùn. Tí ẹ bá sì ṣí i sílẹ̀ níwájú olè, kò sí sọ́fíwíà tó máa gbà yín.”

Agbẹ̀bí tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó tì í fún wákàtí méjì tó gbà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nọ́ńbà tí kò hàn pè é.

“Àǹtí, mo ti bí. Obìnrin ni.”

“O kú ewu. Ta ló gbẹ̀bí ẹ?”

“Ẹlòmíràn. Mi ò ní sọ ibi tí mo wà.”

“Má sọ ọ́.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ì bá fẹ́ wà níbẹ̀. Mi ò tíì dárí jì yín tán.”

“Má kánjú,” ni Agbẹ̀bí wí. Ó gbọ́ tí ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ohùn ìyá rẹ̀, ìpè sì já.

Ìwọ tó ń ka èyí, bóyá nọ́ọ̀sì ni ọ́, tàbí agbẹjọ́rò, tàbí olùkọ́, tàbí ẹni tí ọ̀rẹ́ kàn fọkàn tán, wo kọ̀ǹpútà rẹ. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Má sún un di ọ̀la. Má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù ikú sọ ọ́ di ẹni tí kì í tilẹ̀kùn: tì í lónìí, kí o sì fún ẹnì kan tó ṣeé gbọ́kàn lé ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Tí wọ́n bá ti jí i kí o tó gbọ́n, má bá olè dúnàádúrà, má sì fi ìtìjú bo ara rẹ. Dìde, lọ kìlọ̀ fún àwọn tí o kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Olè lè gbé irin lọ. Má ṣe jẹ́ kó gbé ènìyàn mọ́ ọn.