Ìkòkò Tábà Onígi

Ṣé ẹ ti fọ nǹkan mọ́ rí, tí ẹ sì jí bá a ní kíkún?

Lọ́dún tí àfikún owó oṣù Údójì jáde, ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ra ìkòkò tábà onígi kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ní Máfolúkù. Ó gbé e wá bá mi nínú yàrá wa ní Ìsọlọ̀.

"Ìyá Tóyìn, bá mi tún un ṣe. Èmi náà fẹ́ máa fa èéfín bí ọ̀gá."

"Ẹ̀yin tí èéfín sítóòfù lásán ń mú wúkọ́ bí ewúrẹ́?"

A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ mi lọ́ra láti gbà á. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ àdúrà obìnrin, ìjọ wa kì í sì í fọwọ́ kan tábà. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹni ló ránni. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ha ọ̀dà ọrùn rẹ̀, mo fi iyọ̀ fọ inú rẹ̀, mo fi òrí pa á títí igi náà fi ń dán. Mo gbé e sójú fèrèsé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tábà ti kún inú rẹ̀. Ẹnìkan ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Tóyìn, ẹ̀yin ni?"

"Èmi kọ́ o. N ò tíì ra tábà."

Mo dà á nù, mo tún un fọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún kún. Ọkọ mi ṣá ìṣáná mẹ́ta sí i, kò ràn. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ nù, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo yíjú, Tóyìn, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò lẹ́nu. Mo fọwọ́ kàn án: ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́:

"Àwẹ̀ró, iná náà dà?"

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn ní Èkó. Ìyá ìyá mi nìkan ló ń fi pè mí, ní Ayétòrò. Èmi ni mo máa ń gbé ẹyín iná lé ìkòkò tábà rẹ̀, tí n ó kọ́kọ́ fà á kó lè ràn. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, lórí àìsàn, ó ní kí n mú iná wá. Mo ní, "Mo ń bọ̀, ìyá àgbà." Katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà níta. Ojú tì mí láti gbé iná tábà kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà tí n ó fi wọlé, ìyá àgbà ti kú, ìkòkò rẹ̀ ṣì kún.

Amọ̀ ni tirẹ̀, igi ni èyí. Ẹni tó ń dúró de iná kò wo ìyẹn.

Mo gbàdúrà. Ọmọ mi túbọ̀ ń tutù. Mo gba ìkòkò náà lẹ́nu rẹ̀, mo fi ẹ̀mú mú ẹyín iná lórí ààrò tí àwọn ará ilé ti ń dáná lẹ́yìnkùlé, lójú gbogbo wọn, mo sì fi ẹnu ara mi fà á.

Ó ràn. Mo gbé e sílẹ̀. Èéfín lọ sókè, ó dúró, ó tún lọ, bí ìgbà tí ẹni tí kò kánjú bá ń fà á.

"Màámi, ebi ń pa mí," ni Tóyìn wí. Ara rẹ̀ ti ń móoru.

Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú mi. Wọ́n gba ipò olórí ẹgbẹ́ àdúrà náà lọ́wọ́ mi, n ò sì bá wọn jiyàn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rìn láti ìdí ààrò dé ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá àgbà. Mo ní mo ń bọ̀. Mo mú iná dé.