Gbogbo Wọn Gbàgbé Fèrèsé

"Ẹ má bínú," ni olùkọ́ ìṣirò wí, bó ṣe ń gbé àwọn ìwé pélébé kan sórí tábìlì. "Ẹ̀bi mi ni."

Kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó jáde, olùkọ́ yìí máa ń fún wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọn á kọ ìdáhùn sínú ìwé pélébé, wọn á fi lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kì í fún wọn ní máàkì. Ibi tí ọ̀pọ̀ bá ti ṣìnà ló máa ń wò, ibẹ̀ ló sì máa ń tún kọ́ lọ́jọ́ kejì. Lánàá, ó ní kí wọ́n wá bí ibi tí a máa kùn lára ògiri kan tó ní fèrèsé ṣe fẹ̀ tó.

"Gbogbo yín lẹ gbàgbé láti yọ fèrèsé kúrò," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí odidi kíláàsì bá ṣi ohun kan náà, olùkọ́ ni kò kọ́ ọ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ni àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn bá ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́rìn-ín? Àgbàlagbà ń bẹ̀ wọ́n nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀!

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀mọ̀wé ló fi ìkánjú gbàgbé fèrèsé. Àwọn yòókù kàn da ìdáhùn rẹ̀ kọ ni. Olórí kíláàsì ló ń gbé ìwé rẹ̀ kiri fún wọn lójoojúmọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Ọ̀mọ̀wé, tó jókòó tì í, wà lára àwọn tó ń dà á kọ. Ọmọ náà kò tiẹ̀ mọ̀ pé gígùn àti ìbú là ń sọ di púpọ̀. Ńṣe ló ń rò wọ́n pọ̀. Ìdánwò àṣekágbá sì ti dé tán.

Olùkọ́ ń ya fèrèsé sójú pátákó fún àwọn tí kò tíì mọ ti ògiri. Ọ̀mọ̀wé kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dìde.

"Ẹ̀bi yín kọ́, sà. Èmi ni mo ṣì í, wọ́n sì dà á kọ."

"Jókòó, jàre!" Olórí kíláàsì fà á láṣọ. "Ta ló bi ọ́?"

"Mi ò ní jókòó! Bẹ́ ẹ bá dé gbọ̀ngán ìdánwò, ta lẹ máa dà kọ?"

Olùkọ́ sọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Máàkì wo ni mo ń fún yín níbẹ̀? Ara mi ni mo ń fi ìwé yẹn yẹ̀ wò! Látọjọ́ yìí lẹ ti ń sọ fún mi pé ó yé yín, tí mo sì ń sáré lọ."

Ó pín ìwé mìíràn, ó ní kí kálukú kọ ibi tí kò ti yé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀: "Mi ò mọ ìgbà tí à ń ròpọ̀ àti ìgbà tí à ń sọ ọ́ di púpọ̀." Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ nìyẹn. Olùkọ́ nu pátákó, ó ní kí wọ́n tẹ́ ìwé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà, kí wọ́n ka iye tó bo ilẹ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ìdí tí a fi ń sọ gígùn àti ìbú di púpọ̀.

Olórí kíláàsì kò bá Ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde, ó ṣì ń pòṣé. "Ìwọ àti olófòófó rẹ," ló sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Ọ̀mọ̀wé.

"Olófòófó mi ni lóòótọ́," ni ọmọ náà fèsì. "Òun ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀, mo sì yege. Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe fún mi?"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni olùkọ́ yín fi ń mọ ibi tó yẹ kó ti ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má purọ́ fún un.