Ẹ̀rọ Ò Gbọ́ Ìka Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ ti na aṣọ sórí tábìlì, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá rẹ̀, ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe tíṣà bá wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Èsì àyẹ̀wò yín ló dé. Wọ́n ní ọpọlọ yín ti ń jó rẹ̀yìn. N ò lè máa fi yín sílẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ẹ wá máa sinmi nílé."

"Ọpọlọ ta ló ń jó rẹ̀yìn? Èmi tí mo mọ ìwọ̀n ìbàdí gbogbo oníbàárà mi láìsí ìwé! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò yẹn ni ò gbọ́ tèmi, mo ti sọ fún ẹ."

"Màámi, ẹ̀rọ ò lè purọ́ mọ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe gba kọ́kọ́rọ́. Omi lé sójú ìyá àgbà. Iṣẹ́ ogójì ọdún, wọ́n fi ìwé kan ṣoṣo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe àyẹ̀wò ọ̀hún, kí inú bí yín díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, tó dà bíi fóònù ńlá, lé ìyá lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ohun tó bá ní kí ẹ tẹ̀, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́." Ló bá bọ́ síta, ó lọ ń tàkúrọ̀sọ.

Ẹ̀rọ kó nọ́ńbà síta wúruwùru, ó ní kí ìyá tẹ̀ wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ìyá tẹ oókan, ẹ̀rọ ò dáhùn. Ó tún un tẹ̀, kò dáhùn. Abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù ti sọ orí ìka yẹn di líle, ó ti gbẹ débi pé ojú ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó wá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ fò lọ síbòmíràn.

Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó ń gé aṣọ kì í dédé ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ìyá Aránṣọ a máa wo ìlà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe wo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ka ìṣẹ́jú. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́nì kankan! Wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ń fà.

Lọ́jọ́ kejì tí ọmọ gba kọ́kọ́rọ́, ìyá mú ìwé èsì náà, ó kọrí sí ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì ka ìwé náà.

"Màmá, ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà dánra wò?"

"Rárá o."

"Awò ojú yín ńkọ́?"

"Inú báàgì ló wà. Ta ló bi mí?"

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ wá, ó ní kí ìyá tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ tirẹ̀ kàn án, ló bá tan.

"Ìwà àìbìkítà gbáà ni èyí," ni nọ́ọ̀sì wí. Inú bí i gan-an. "Mélòó nínú àwọn àgbà la ti tipa báyìí lé lọ jókòó sílé?"

Ó fún ìyá ní pépà àti pẹ́ńsù, ó jókòó tì í. Ìyá wọ awò rẹ̀, ó ya aago tí wọ́n ní kó yà, kò fi nọ́ńbà kankan sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún tí wọ́n ní kó rántí, ó rántí mẹ́rin.

"Kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù níbí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Dókítà á sì rí yín pẹ̀lú."

Tíṣà na kọ́kọ́rọ́ sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú," ni ìyá wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ẹ̀rọ yẹn fi mọ̀ mí. Ìwọ, ọjọ́ wo lo ti mọ̀ mí?"

Ìyá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ará, àyẹ̀wò orí ẹ̀rọ ò burú. Ti orí pépà náà lè ṣini lọ́nà, pàápàá fún ẹni tí ò mọ̀wé tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èsì ọ̀kan kì í ṣe èsì èkejì, nítorí náà ẹ má fi wọ́n wéra bí ẹni pé bákan náà ni wọ́n. Ẹ rí i pé àgbà wọ awò rẹ̀, pé ó gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, pé wọ́n jẹ́ kó fi ẹ̀rọ dánra wò, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Bí ìka rẹ̀ bá le, ẹ bèèrè fún pépà. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ò tó láti sọ pé ọpọlọ ẹnikẹ́ni ti ń bàjẹ́. Bí ìgbàgbé bá sì ń pọ̀ sí i lóòótọ́, ẹ má fi pamọ́, ẹ tètè lọ rí dókítà. Kí ẹ tó ṣe ìpinnu kankan lórí ayé àgbà, ẹ kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.