Òǹtẹ̀ fún Bualai àti Phikun

Ìkùukùu ṣì ń gòkè láti inú odò Mẹ́kọ́ng nígbà tí Bualai kọ́kọ́ rí i: obìnrin kan tó kúnlẹ̀ létí títì pẹ̀lú agbọ̀n ìrẹsì lọ́wọ́, tó ń dúró de àwọn mọ́ńkì, àwọn ẹlẹ́sìn tó máa ń kọjá láàárọ̀ láti gba ọrẹ oúnjẹ. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ajá kan sì ń gbé ọ̀kan lọ. Kò lè dìde, torí àwọn mọ́ńkì ti dé tòsí. Ó kàn gé ètè jẹ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Bualai ju aṣọ ìbora olówùú tó ń kó síta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀lé ajá. Nígbà tó fi máa padà dé, bàtà ti fàya.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ajá mi ni."

"Ajá yín?" Obìnrin náà wá tú ẹ̀rín tó ti ń há mọ́ra sílẹ̀. "Á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n mí délé nìyẹn."

Bualai ò pọ̀n ọ́n. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ fún un, ó sì dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí títì tútù, ó ń wò ó títí ìkùukùu fi gbé e mì. Ó ń ṣe é bí ẹni tó jí tán tí àlá ò tíì tán.

Phikun ni orúkọ obìnrin náà, olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú náà. Lọ́jọ́ kejì ó dá bàtà padà, ó sì jókòó di ọ̀sán. Kí òjò ọdún náà tó dá, "ẹ" ti di "o" láàárín àwọn obìnrin méjèèjì. Kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti jọ ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìró odò ti ń wọlé bá wọn lábẹ́ aṣọ ìbora kan ṣoṣo.

Ọdún méje kọjá bẹ́ẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi" ni bàbá Phikun, Bàbá Khamsing, ń pe Bualai. Baálẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ ní abúlé kan lórí òkè, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ìlú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin dé ilé aṣòfin, kò sí rédíò tí kò sọ ọ́. Bàbá Khamsing dìde nípàdé abúlé, ó ní òfin náà á tú ilé ká. Bualai náà ò kà á sí.

"Kí ló kan ìjọba nínú ọ̀rọ̀ àwa méjì? Ìfẹ́ wa ò nílò òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ìfẹ́ lè má nílò ó," ni Phikun fèsì. "Èmi nílò ó, Bua."

Bualai rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ bò ó lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú run Phikun ní kíláàsì títí ó fi ṣubú. Ní ọsibítù, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Nọ́ọ̀sì na ìwé sí Bualai. "Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Bualai gba ìwé náà. "A... a jọ ń gbé ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mọ̀lẹ́bí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dúró de Bàbá Khamsing. Wákàtí mẹ́ta ni Bualai fi gbá awò ojú Phikun mọ́ àyà, tó ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Bàbá dé, ó fọwọ́ síwèé, wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó wá jókòó ti Bualai.

"Ìgbà wo lo ti wà níbí?"

"Láti ọ̀sán, bàbá."

"Kí ló dé tí o ò fọwọ́ sí i?"

"Wọn ò gbà fún mi."

Bàbá kàn ń wo awò ojú yẹn lọ́wọ́ Bualai.

Nígbà tí Phikun lajú, Bualai rọra sọ sí i létí. "Òǹtẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n lù ú fún wa."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó? Nínú òórùn oògùn?"

"Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó kó kọ́kọ́ dìde."

Òfin jáde. Nínú òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ, Bàbá Khamsing ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. "Awakọ̀ lásán ni mí o," ló wí, ó sì jókòó sínú ọkọ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé Phikun ló bá wọn wá ṣe ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé gbójú sókè. "Ẹlẹ́rìí méjì ni, mà. Ẹnìkan ò tó."

Wọ́n wo ara wọn. Ilẹ̀kùn sì dún. Bàbá Khamsing dúró síbẹ̀, fìlà lọ́wọ́, bí ẹni tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́.

"Níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Ó rọra kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ó wá kọjú sí Bualai. "Olóríkunkun ni ọmọ yìí o, ìwọ ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ló jọ."

"Bàbá, mo ń gbọ́ yín o!" ni Phikun wí.

"Ta ló ní kí o má gbọ́?" Ó fi fìlà nu ojú, ó ní eruku ọ́fíìsì wọn ti pọ̀ jù.