Bùrọ̀dá Ló Ń Bá Mi Ṣe É

Ọ̀pọ̀ òbí ló mọ inú rírun àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ bá ti rí àpò ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ aránṣọ kan. Ìyá rẹ̀ fún un lóògùn títí, ó bá a wí títí, ó wá pinnu pé kó fi ilé ìwé sílẹ̀, kó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Tíṣà rẹ̀ wá gba aṣọ tó gbé fún ìyá náà rán, ló bá bá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù lákòókò tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Aránṣọ ní bí ìwé kò bá wọ orí, ọwọ́ á kúkú mọ abẹ́rẹ́ mú.

Tíṣà kò bá a jiyàn. Ó ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọn aṣọ tó wà lórí tábìlì, kó pín in sí mẹ́ta dọ́gba. Ọmọ na téèpù, ó tún un nà, ó wá dúró. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín in," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti ilé ìwé, tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù, tí ẹ bá fún wa níṣẹ́, bùrọ̀dá mi ló ń bá mi ṣe é. Gbogbo yín rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì mí láti bèèrè."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ̀ wọra, nítorí òun gan-an ló ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bá a ṣe é, kí máàkì má baà lọ sílẹ̀.

"Ọ̀lẹ ni mo ń pè é láti ọjọ́ yìí," ó wí. "Tíṣà, ṣé kò tíì pẹ́ jù?"

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí apá aṣọ bá wọ́, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá tú u dé ibi tó ti wọ́ ni."

"Bí a ó ṣe ṣe tirẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó padà wá."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà. Tíṣà ń kọ́ ọ láti ibi tó ti sọnù, ìyá rẹ̀ sì ń jókòó tì í nílé láìfọwọ́ kan bírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nawọ́ ní kíláàsì. Ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó bèèrè ìdí.

Ẹ̀yin òbí, pé ilé ìwé ti ṣí kò ní kí ẹ̀kọ́ tó sọnù padà wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń na ọmọ tó ń sá fún ìwé, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ẹ ní kó kàwé sí yín létí, kó ṣe ìṣirò lójú yín. Ibi tó bá ti dákẹ́, ẹ sọ fún tíṣà, ẹ má bò ó. Bí a bá ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwa la gba máàkì, òun ni yóò jókòó sí kíláàsì tí kò yé e.